Ẹ Kí Omi Káàbọ̀

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nílùú òyìnbó kì í ṣe òtútù. Ti òtútù, wọ́n ti kìlọ̀ fún mi tó, mo sì ti ra kóòtù òkìrìkà kan ní Ṣakí tó jẹ́ pé bí mo bá wọ̀ ọ́, ojú mi nìkan ló máa ń hàn. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí wọ́n ṣe ń kíni. Kò tíì pẹ́ tí mo dé tí mo pàdé obìnrin àgbàlagbà tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi. Ó fa ajá kékeré kan lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó bi mí pé ṣé dáadáa ni mo wà. Mo sọ báàgì mi kalẹ̀, mo tẹ orúnkún díẹ̀, mo mí sínú kí n lè dá a lóhùn bó ṣe yẹ. Kí n tó la ẹnu, ó ti wọlé, ó ti tilẹ̀kùn. Èmi àti ìdáhùn mi la jọ dúró síta.

Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ ẹ́ ni. Mo ro ó títí, mo wo aṣọ mi, mo gbọ́ òórùn ara mi. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn: wọn a béèrè àlàáfíà ẹni, wọn a sì máa bá tiwọn lọ. Kò sí ìkà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti abúlé wa wá, á máa dùn ún.

Abúlé wa kò jìnnà sí Àgọ́-Àrẹ. Níbẹ̀, bí o bá pàdé Bàbá Táyé lọ́nà, kí o yáa sọ ẹrù rẹ kalẹ̀, nítorí yóò kí ọ kú oòrùn, yóò kí ọ kú ọ̀nà, yóò béèrè ilé, yóò béèrè oko, yóò béèrè ẹsẹ̀ ìyá rẹ tó ń dùn ún, yóò wá fi ewúrẹ́ tó bímọ lẹ́nu àìpẹ́ yìí kádìí rẹ̀. Pé o ń kánjú, ìyẹn ò kàn án. Bàbá Táyé ni àbúrò bàbá mi tó tẹ̀ lé e gan-an, òun ló sì dúró bíi bàbá fún mi láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Àgbẹ̀ ni, iṣu àti ọkà bàbà ló ń gbìn. Ohun méjì ni gbogbo abúlé mọ̀ mọ́ ọn: ìkíni rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀, iṣẹ́ kì í sì í pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kì í fẹ́ bá a kọ ebè lójú kan náà, kí ó má baà dójú tì wọ́n.

Èmi ni ọmọ tó gbà pé òun lè jáde kúrò nínú irú ìkíni bẹ́ẹ̀, kí òun sì máa gbé láàárín àwọn tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí nǹkan ń jó lórí iná rẹ̀.

Iṣẹ́ tí mo wá kọ́ kò rọrùn láti ṣàlàyé lórí fóònù. Bí omi bá ń sáré nínú páìpù, tí nǹkan kan sì dá a dúró lójijì, inú máa ń bí i. Á kọlu páìpù náà láti inú, ìkọlù yẹn á wá máa rin páìpù lọ láti orí dé ìdí, á sì tún padà, bí ìgbì. Ìgbì yìí lè fọ́ páìpù tó le. Iṣẹ́ mi ni láti ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà kó tó ṣẹlẹ̀. A óò gé páìpù náà wẹ́wẹ́ nínú ọkàn, bí ìgbà tí èèyàn bá gé iṣu, a óò wá máa bi ègé kọ̀ọ̀kan léèrè pé: báwo ni omi ṣe ń yára kọjá lára rẹ, báwo ló sì ṣe ń tì ọ́ tó? Ègé kan kò lè dáhùn láìgbọ́ tẹnu aládùúgbò rẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì. Bẹ́ẹ̀ la ó máa bi wọ́n, tí a ó tún máa bi wọ́n, títí ara ìgbì náà yóò fi rọ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo sọ èyí fún ìyá mi, ó ní kí n tún un sọ. Ó wá béèrè lọ́wọ́ mi pé ṣé òkè òkun ni wọ́n ti ń lọ kọ́ iṣẹ́ plọ́ńbà ni, ṣebí plọ́ńbà wà ní Àgọ́-Àrẹ. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nọ́ọ̀sì ni ìyá mi kó tó fẹ̀yìn tì. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó pè mí, ó ní ó ti yé òun wàyí: páìpù ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo ti ka ìwé púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò sí èyí tó sọ ọ́ dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ mi sọ́nà ń jẹ́ Mágírẹ́ẹ̀tì. Ewú ti gba orí rẹ̀, ó ní ọmọ-ọmọ, ó sì fẹ́ kí n máa pe òun ní Mágírẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ láìfi nǹkan kan síwájú rẹ̀. Àwọn akẹgbẹ́ mi ń pè é bẹ́ẹ̀. Èmi gbìyànjú, ahọ́n mi kọ̀. Bí mo bá ti fẹ́ pè é, ńṣe ni mo máa ń rí ojú ìyá mi níwájú. Mo yáa ń pè é ní “Mà.” Ó bá mi jà títí, ó sú u, ó sì gbà. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tó ń sọ fún àlejò kan pé èmi nìkan ló ń bọ̀wọ̀ fún òun nínú gbogbo ilé ẹ̀kọ́ náà, kí àwọn yòókù wá kọ́gbọ́n. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn.

Ní òpin ọ̀sẹ̀, mo ń fọ abọ́ ní ilé oúnjẹ kan kí nǹkan lè rọ̀ mí lọ́rùn. Iṣẹ́ náà kò burú. Omi gbígbóná ń ṣàn níbẹ̀ tọ̀sán tòru, mo sì máa ń wò ó bí ẹni tó ń wo ìyanu. Mo máa ń rántí ẹ̀ẹ̀rùn tiwa, nígbà tí odò bá gbẹ, tí a ó máa fi igbá wa yanrìn, tí a ó dúró kí omi ṣẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sínú ihò, ká tó bù ú, ká gbé e rù, ká gun òkè lọ sílé. Ẹni tó bá dà á nù lọ́nà, kò sẹ́ni tó máa nà án. Ojú tí wọ́n máa fi wò ó ti tó.

Wọ́n máa ń bi mí pé níbo ni mo ti wá. Bí mo bá ní Nàìjíríà, wọ́n á ní Èkó. Màá ní rárá, Èkó jìnnà sí wa, ààlà orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ló sún mọ́ wa, ọ̀dàn ni tiwa, àpáta àti igi ẹmi tí wọ́n ti ń ṣe òrí ló wà níbẹ̀. Wọ́n á mi orí. Lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú, bí mo bá pè sílé, àwọn aládùúgbò á gba fóònù lọ́wọ́ ìyá mi láti bá Ará Òyìnbó sọ̀rọ̀. Orúkọ mi ti sọnù lẹ́nu wọn. Mo wá di ẹni tí kò sí ní ìhín, tí kò sí ní ọ̀hún, mo ń gbé inú fóònù.

Ọdún tí mo lọ gan-an ni omi dé abúlé wa. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ sí àfonífojì, wọ́n sì fa páìpù gun òkè lọ bá táǹkì ńlá kan lórí àpáta, lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀rọ máa ń ti omi lọ sókè, omi á wá ti inú táǹkì wálẹ̀ wá bá wa. Bàbá Táyé ni wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀rọ náà lé lọ́wọ́ nítorí pé kì í ṣọ̀lẹ. Irin roboto kan wà lára páìpù níbẹ̀, ó dà bíi wíìlì ẹ̀rọ ìránṣọ; bí wọ́n bá yí i títí, ọ̀nà omi á dí. Fáàfù ni wọ́n ń pè é. Ìyá mi fi fọ́tò garawa kan ránṣẹ́ sí mi, omi ń dà sínú rẹ̀ láti ẹnu ẹ̀rọ. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri.

Lẹ́yìn náà ni páìpù bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́. Kì í bẹ́ lásán. Ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ lójijì ló ń bẹ́, ojú kan náà ló sì ń ti bẹ́, lẹ́bàá kòtò kan, níbi tí páìpù onírin tó ti ilé ẹ̀rọ wá ti parí, tí páìpù oníke ti bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin tó ń fi ọkọ̀ táńkà ta omi ní ilé sí ẹ̀bá kòtò yẹn. Èèyàn kò ní ṣàìso ohun méjì pọ̀. Wọ́n ní Bàbá Táyé ló ń fọ́ páìpù kí ọlọ́kọ̀ omi lè rí ọjà tà. Wọ́n kọ́kọ́ ń sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, nígbà tó yá wọ́n ń sọ ọ́ lójú rẹ̀. Alága ìgbìmọ̀ omi, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó kọ́ èmi náà ní ìṣirò, tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀gá Tíṣà, wá gbé ìdájọ́ kalẹ̀: bí páìpù náà bá tún bẹ́, kí Bàbá Táyé kó kọ́kọ́rọ́ wá sí ìpàdé ìlú, kí ó sì sọ ẹni tó rán an níṣẹ́ lójú gbogbo èèyàn.

Ìyá mi ló sọ ọ́ fún mi ní ọjọ́ Àìkú kan. Ìyá mi kì í dárúkọ Bàbá Táyé. Wọ́n ti bí i kí ìyá mi tó wọ ilé wa, ìyàwó kì í sì í pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ lórúkọ, Adúmáadán ló ń pè é.

“Ọkọ mi Adúmáadán ò gba ojú ọ̀nà mọ́,” ó ní. “Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà lọ sóko, kó má baà pàdé èèyàn.”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Bàbá Táyé tí í kí èèyàn títí dé orí ewúrẹ́ wọn, òun ló ń sá fún ìkíni. Mo wo fọ́tò garawa lára ògiri. Mo ní, ṣebí iṣẹ́ mi rèé? Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣe ìṣirò páìpù àwọn ẹni ẹlẹ́ni.

Mo ní kí wọ́n fi ègé páìpù tó bẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Ẹnì kan láti Ìsẹ́yìn ń bọ̀ wá kàwé ní ìlú tí mo wà, ìyá mi sì di ẹrù fún un. Nígbà tí mo tú u, mo rí èlùbọ́, mo rí irú tí wọ́n fi ọ̀rá wé títí, ní àárín wọn ni ègé páìpù wà, ó ti gba òórùn irú pátápátá. Mo gbé e lọ sí ibi iṣẹ́. Mágírẹ́ẹ̀tì gbóòórùn rẹ̀, ó bi mí pé ṣé kẹ́míkà ni. Mo ní ọbẹ̀ ni. Ó gbé e lọ sábẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán agbára nǹkan wò, inú rẹ̀ sì ń dùn bí ọmọdé, a wá mọ bí omi ṣe gbọ́dọ̀ tì í tó kó tó bẹ́.

Mo fi ara balẹ̀ ṣe ìṣirò náà. Mo mọ gíga òkè, mo mọ gígùn páìpù láti orí máàpù, mo mọ irú ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀. Mo ní kí iná lọ lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ dúró, omi tó ń gòkè rẹ̀wẹ̀sì, ó dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í padà sísàlẹ̀, páìpù gbọ̀n díẹ̀. Kò bẹ́. Mo tún un ṣe, kò bẹ́. Mo yí gbogbo ohun tó ṣeé yí, kò bẹ́ síbẹ̀. Bí kì í bá ṣe iná tó lọ ló ń fọ́ ọ, a jẹ́ pé èèyàn ni. Ìṣirò mi ti lọ dara pọ̀ mọ́ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Nígbà tí ìyá mi pè, mo sọ̀rọ̀ òjò, mo sọ̀rọ̀ èlùbọ́, mi ò mẹ́nu ba páìpù.

Mágírẹ́ẹ̀tì ló wo iṣẹ́ náà pẹ̀lú mi. Ó wò ó títí, ó wá bi mí pé èèyàn dà nínú rẹ̀. Mi ò mọ ohun tó ń sọ. Ó ní òun rí òkè, òun rí omi, òun rí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ẹnì kan ní láti wà níbẹ̀ tó ń ti fáàfù bí iná bá lọ, kí omi má baà padà sínú kànga. Ta ni, báwo ló sì ṣe ń tì í?

Mo pe ìyá mi pé kí ó gbé fóònù rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀rọ kí n lè fojú rí ibẹ̀. Ọ̀sán gangan ni. Bàbá Táyé ti rù, ṣùgbọ́n bó ṣe rí ojú mi nínú fóònù, ó bẹ̀rẹ̀: ó kí mi kú òtútù, ó kí mi kú ìwé, ó béèrè oúnjẹ tí mo ń jẹ. A kò tíì dé ìdajì tí iná lọ. Mi ò rí ohun tó ṣẹlẹ̀ dáadáa. Ohun tí mo rí ni pé ojú rẹ̀ kúrò nínú fóònù. Kí ìyá mi tó yí fóònù, ọwọ́ Bàbá Táyé ti wà lórí wíìlì, ó ń yí i bí òòyì, ó sì ti tì í pa. Mo gbọ́ ìró kan, gbì, mo sì rí i tí páìpù onírin náà gbọ̀n lójú mi. Lọ́jọ́ yẹn kò bẹ́, nítorí plọ́ńbà ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ ojú ibẹ̀ ni.

Bàbá Táyé padà wá síwájú fóònù, ó ń gbọn ọwọ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní ẹ̀kán omi kan ò padà sínú ilẹ̀.

Mo fi ọwọ́ Bàbá Táyé sínú ìṣirò náà. Mo ní kí fáàfù tì bó ṣe tì í lójú mi. Omi tó ń sáré bọ̀ láti òkè bá ilẹ̀kùn ní títì, ó kọlù ú, ìgbì dìde, ìgbà àkọ́kọ́ tó kan páìpù oníke, ó fọ́ ọ. Ẹ̀bá kòtò gan-an ni. Mo fò sókè lórí àga. Mo ti rí i. Kì í ṣe olè, kì í ṣe ọ̀dàlẹ̀, ọlọ́kọ̀ omi kò sì mọ ohunkóhun nípa rẹ̀.

Ayọ̀ yẹn kò tọ́jọ́. Bí mo bá fẹ́ yọ ọ́ nínú ẹ̀sùn, mo ní láti sọ fún un pé òun ló ń fọ́ ọ. Èmi, ọmọ tó gbé pọ̀n rí, tí yóò dìde láti òkè òkun wá sọ fún bàbá rẹ̀ pé iṣẹ́ tó ń fi ọkàn ṣe ló ń bà á jẹ́. Ọwọ́ yíyá yẹn sì ni iyì rẹ̀. Mo tún mọ ìdí tó fi ń sáré. Ẹni tó ti fi orí ru omi gun òkè láti kékeré, kò lè dúró kó máa gbọ́ ìró omi tó ń padà sínú ilẹ̀. Lójú tirẹ̀, ńṣe lomi ń ṣòfò. Kò sí bí ará ìlú òyìnbó ṣe máa ṣe irú àṣìṣe yẹn. Àwa nìkan la lè ṣe é.

Mo wá ṣe bí ojo. Mo ní kí ìyá mi bá mi sọ fún un pé kó máa rọra ti fáàfù. Ìyá mi pè padà, ó ní Adúmáadán ti ń rọra, àmọ́ bí etí rẹ̀ bá ti gbọ́ omi, ọwọ́ rẹ̀ a sáré. Ó ní òun béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ṣé bó ṣe ń rọra nìyẹn, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun ti rọra gan-an. “Rọra” kì í ṣe òṣùwọ̀n. Páìpù ojú kòtò náà sì ti tún ń ṣẹ omi díẹ̀díẹ̀.

Obìnrin alájá ló ràn mí lọ́wọ́, kò sì mọ̀. Mo pinnu láàárọ̀ ọjọ́ kan pé mi ò ní gbà á fún un mọ́. Bó ṣe jáde, mo kúnlẹ̀, mo kí i kú àárọ̀, mo béèrè bó ṣe sùn. Ó dúró. Mo béèrè orúnkún rẹ̀, nítorí mo ti rí i pé ó ń tiro. Mo béèrè ajá. Ó dáhùn. Mo béèrè ẹsẹ̀ ajá. Nǹkan kan wà lórí iná rẹ̀ nínú ilé, mo ń gbọ́ òórùn rẹ̀, ó fẹ́ padà wọlé, kò sì lè tilẹ̀kùn mọ́ mi lójú nítorí mi ò tíì kí i tán. Ó wọlé, ó di ilẹ̀kùn mú, ó ń dáhùn, ó ń tì í díẹ̀, mo béèrè àwọn ọmọ rẹ̀, ó dáhùn, ó tún tì í díẹ̀. Nígbà tó yá, imú rẹ̀ nìkan ni mo ń rí. Ilẹ̀kùn náà tì láìdún rárá.

Mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tó yé mi. Mo sáré dé ibi iṣẹ́, mi ò tilẹ̀ rántí kóòtù. Mo ní kí fáàfù tì fún ìwọ̀n ìgbà tí Bàbá Táyé fi ń kíni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé orí ewúrẹ́. Ìgbì dìde, ó kéré, ó gòkè lọ, ó padà bọ̀, ó bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí díẹ̀, ó tún lọ, ó tún bọ̀, ara rẹ̀ rọ̀. Páìpù kò bẹ́. Omi díẹ̀ padà sínú kànga lóòótọ́, kò kún àgbá kan.

Mo pe Bàbá Táyé fúnra mi. Mo jẹ́ kó kí mi tán, mo wá ní:

“Bàbá, omi tó ń padà bọ̀ yẹn, àlejò ni. Ó lọ sókè, kò débẹ̀, ó ń padà bọ̀ wá bá yín. Ẹ má tilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Ẹ kí i káàbọ̀. Ẹ kí i bí ẹ ṣe ń kí mi, kí ẹ máa yí wíìlì lẹ́ẹ̀kan fún ìkíni kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá kí i tán, kó ti tì.”

Mo ń gbọ́ adìẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá ní:

“Ṣé èmi ni mo ń fọ́ ọ?”

Mo fẹ́ purọ́. Irọ́ náà ti dé ẹnu mi, ó dùn, ó sì rọ̀.

“Ọwọ́ yín ni, Bàbá,” mo ní. “Kì í ṣe inú yín.”

Ó ní kí omi má baà ṣòfò ni. Mo ní mo mọ̀. Ó ní òun á sọ ọ́ fúnra òun ní ọjọ́ Àìkú, lójú gbogbo ìlú, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ ọ́ fún òun.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù wá bà mí gan-an. Ìṣirò kì í ṣe páìpù. Mi ò rí oríkèé tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, mi ò mọ iye oòrùn tó ti pa ike náà. Bí Bàbá Táyé bá jẹ́wọ́ pé ọwọ́ òun ni, tí páìpù sì tún bẹ́ lójú wọn, ẹnu ara rẹ̀ ló máa fi kó bá ara rẹ̀, èmi ni mo sì máa kó o sí i.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n wá sí ilé ẹ̀rọ, àwọn Mùsùlùmí náà ti wà níbẹ̀. Ìyá mi ló di fóònù mú, kò sì mọ̀ ọ́n mú, òrùlé ni mo ń wò. Ohùn ni mo fi tẹ̀ lé gbogbo rẹ̀. Mo gbọ́ Bàbá Táyé tó sọ pé ẹnì kankan ò rán òun níṣẹ́, ọwọ́ òun tó ń yára ló ń fọ́ páìpù, ọmọ òun ló fi yé òun, òun sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tì í. Àwọn kan kùn. Mo gbọ́ Ọ̀gá Tíṣà tó ní òun fúnra òun lòun máa pa iná náà, kí màgòmágó má baà sí níbẹ̀. Ó rán ìyàwó rẹ̀ lọ dúró lẹ́bàá kòtò.

Ìró ẹ̀rọ kú. Mo di etí fóònù mú bí ẹni tó di okùn mú.

“Ẹ kú àbọ̀ o,” Bàbá Táyé ní. “Ẹ kú ọ̀nà. Ṣé dáadáa lẹ dé?”

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ó bá tirẹ̀ lọ. Ó béèrè òkè, ó béèrè àpáta, ó béèrè àwọn ará ọ̀hún. Mo ń gbọ́ wíìlì tó ń dún kíún, kíún, láàárín ìkíni kan sí èkejì. Àwa ará ibẹ̀ kò sì lè gbọ́ ìkíni ká má dáhùn. Ìyá arúgbó kan ló kọ́kọ́ dáhùn fún omi, ó ní “a dúpẹ́.” Bó tún ṣe béèrè ilé, àwọn mélòó kan ní “a dúpẹ́.” Nígbà tó dé orí ewúrẹ́, gbogbo wọn ló ń dáhùn, Ọ̀gá Tíṣà pẹ̀lú, wọ́n dáhùn fún omi bí ẹni pé ẹbí wọn ló ti àjò dé.

Lẹ́yìn náà, wọ́n tẹ́tí. Wọ́n ń retí ìró ọ̀hún. Kò dún. Ohùn ìyàwó Ọ̀gá Tíṣà wá láti ọ̀nà jíjìn, ó ní ilẹ̀ kòtò gbẹ.

Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo gbọ́ Ọ̀gá Tíṣà tó ń sọ pé kí Bàbá Táyé fi kọ́kọ́rọ́ sápò rẹ̀, kí ó sì má bínú sí ìlú. Mo gbọ́ ariwo, mo gbọ́ ìyá mi tó ń pe ọkọ rẹ̀ Adúmáadán. Mo rò pé wọ́n ti gbàgbé mi, mo sì ń wá ibi tí mo máa tẹ̀ láti pa fóònù. Ojú Bàbá Táyé ni mo rí. Ó ti gba fóònù lọ́wọ́ ìyá mi, òógùn bò ó, ó wò mí dáadáa.

“Fáàfù ti tì,” ó ní. “Ṣùgbọ́n ìwọ, mi ò tíì kí ọ tán.”

Ó wá ibì kan jókòó sí. Ó béèrè ilé mi, ó béèrè yàrá mi, ó béèrè ẹni tó ń kí mi láàárọ̀. Mo ní obìnrin kan wà, ó ní ajá. Ó béèrè ajá. Èmi náà jókòó sórí ilẹ̀, mo sì ń dá a lóhùn.